Ìkarahun Mọ́kànlélógójì

Wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló… Wọ́n ní Dosi ló bẹnu mọ́ ọn, tó ní tiwọn ti pé, tiwa ló kù, kó wá mú… kó má ṣẹ́ ẹyọ kan… Ìyá Síkírù ló ń kọjá lójú fèrèsé, etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Àbí ẹ ò rí i pé kò sí ọmọ Ègùn kan ṣoṣo tó… Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu lọ.

Báyìí ni ẹ ti ń sọ ọ́ láti ọdún méjì, ẹ̀yin ará abúlé wa, ẹ kì í sì í parí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nídìí kànga, mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tó bí mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹ ti mọ̀ mí sí ẹni tó ń wolẹ̀ láti kékeré, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè ohun tí mò ń wò níbẹ̀. Èmi Mofìyìnfólúwa, ọmọ Kátíkísì Jeremiah, ni mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà lónìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé ẹnu mi kò lè gbé e níwájú èrò. Bàbá mi ni yóò kà á fún yín nílé Baálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tó dá àwọn tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ mìíràn wá lóhùn. Mo bẹ bàbá mi pé bí wọ́n bá dé ibi tó dùn wọ́n, kí wọ́n má dákẹ́. Èéyi ti wọ Ìkòga nítòsí wa. Mo gbọ́ pé ẹ ti pinnu láti lé ẹ̀rọ náà padà nítorí pé èyí àkọ́kọ́ pa àwọn ọmọ yín. Ẹ̀rọ kọ́ ló pa wọ́n. Dosi kọ́. Bí ẹ bá lé e padà nítorí irọ́ tí mo jẹ́ kí ẹ gbà gbọ́, àwọn ọmọ tó kù ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbà wá sílé mọ̀ pé Èkìtì ni bàbá mi ti wá, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló rán wọn wá sí etí ọ̀sà yìí láàárín Ìwòrò àti Àjídò. N kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ nílé ẹ̀kọ́. Ìjọba ológun kò san owó oṣù tíṣà, àwọn tíṣà kò wá mọ́, bàbá mi bá ní kí n jókòó sílé. Bíbélì, ìwé orin àti àwọn ìwé ìròyìn tó ti pọ́n ni wọ́n fi kọ́ mi ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo wá mọ ìwé, n kò mọ èèyàn. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń kí i. Etí nìkan ni mo ní. Mo lè jókòó ti àgbà láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, kí n máa gbọ́ ìtàn, kí n má la ẹnu. Àwọn ìyá máa ń yìn mí, wọ́n á ní ọmọ tó ní ìtìjú ni. Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ọdún 1996 ni ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun bá ìjọ wa pawọ́ pọ̀, tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan àti rédíò kan wá sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí bí ìlú ṣe le nígbà náà. Epo bẹntiróòlù ṣòro ju oyin lọ, fóònù Àgbádárìgì kò dún, lẹ́tà tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ sí Èkó lè lo oṣù méjì lójú ọ̀nà. Wọ́n to pátákó dúdú sórí páànù kó máa gba agbára oòrùn sínú bátìrì. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, rédíò á gbé e gba ojú sánmà lọ bá Dókítà Déọlá l'Ékòó, èsì á sì dé kí iṣu orí iná tó jinná. Ẹ kò tíì gbàgbé Ṣìkẹ́mi, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀rọ yẹn la fi ké sí dókítà, ẹ̀rọ yẹn ló sọ ohun tí a ó ṣe fún un títí ọkọ̀ fi dé. Ṣìkẹ́mi wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn, ó ń mí. Ẹ kì í fi ìyẹn kún ìtàn náà mọ́.

Èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ nítorí mo mọ̀wé. Wọ́n fi Dosi tì mí nítorí ó mọ èèyàn. Dosi ọmọ Ègùn ìsàlẹ̀ omi kò lè kà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé tí kò lè wọ̀. Nọví ló máa ń pè mí, ọmọ ìyá nìyẹn lédè wọn. Ó máa ń ní, "Nọví, ìwọ ni ọwọ́, èmi ni ẹnu. Bí wọ́n bá pò wá pọ̀, a ó di odidi obìnrin kan." Á tún fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Lọ́jọ́ tí ọkọ bá dé, ṣé èmi náà ni n ó bá ẹ jẹ́ hòo?" Èmi á rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé mi.

Ní oṣù Disẹ́ńbà, lẹ́tà Dókítà Déọlá dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ń bọ̀ ní Jánúárì. Kí a ka gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí iye tí a bá kọ gan-an ni wọn yóò gbé wá. Yìnyín kò sí, epo kò sí, abẹ́rẹ́ tó bá sì ti kúrò nínú òtútù ti bàjẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn Ègùn náà kì í kà á. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Dosi, ẹ̀rín ló bú sí. "Ta ló fẹ́ ka ọmọ ẹnìkan? Ìkarahun la máa kà." Ó gbé igbá, ó kó ìkarahun ìṣáwùrú sínú àpò, ó ń wọ ilé dé ilé. Ó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú igbá. Ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ á bá a dì í mú lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń pariwo, wọ́n rò pé eré ni. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe gbogbo ìsàlẹ̀ omi tán, kò sì ka ọmọ kankan. Ìkarahun mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló wà nínú igbá. Ó wá gbé igbá náà lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀nà òkè kù fún ẹ. Yorùbá ẹ nìyẹn. Bí èmi bá lọ, wọ́n á ní kí ni Ègùn ń wá kiri lágbo ilé àwọn."

Mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí agbo ilé Bàbá Mákánjú, àgbà ọ̀nà òkè, po kí n tó wọlé, bíi adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Bàbá ń di àwọ̀n lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ, mo ṣàlàyé. Bàbá Mákánjú, ẹ wà níjókòó níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ mi. Ẹ ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ kìlọ̀ fún wa, pé ẹ ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlàjì ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, èmi ni mo gé e. Lẹ́yìn tí ọmọ ọmọ yín lọ, tí wọ́n bi mí pé kí ni Bàbá wí, ìlàjì yẹn ni mo sọ, ọ̀fọ̀ sì ti bo yín mọ́lẹ̀ débi pé ẹ gbàgbé ìyókù. Ohun tí ẹ sọ ni pé, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọmọ Kátíkísì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìkarahun ni, èèwọ̀ kò sí nínú ìyẹn. Padà wá lọ́la bí wọ́n bá ti ọjà dé, màá pe àwọn ìyá jọ fún ọ." Bẹ́ẹ̀ lẹ wí. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi pàápàá. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo sì mọ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yín pé n kò ní padà wá. Kí gbogbo àwọn ìyá pé jọ, kí gbogbo wọn máa wo ẹnu mi!

Lọ́jọ́ kejì, ní àsìkò tí ẹ ń retí mi, etí omi ni mo wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bu ìkarahun láti inú iyanrìn, mo dà á sínú igbá. Mo jókòó, mo kà á. Mọ́kànlélógójì. Mo wò ó pé iye kékeré kò ní jọ irọ́. Ohun tí mo fi rò ó nìyẹn, n kò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: ìsàlẹ̀, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, òkè, mọ́kànlélógójì. Dókítà dáhùn pé abúlé wa ló kọ́kọ́ parí, pé iṣẹ́ wa mọ́ ju ti gbogbo abúlé yòókù lọ. Àwọn ará òkè òkun fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́. Bàbá mi kà á lórí àga ìwàásù, omi sì lé ròrò lójú wọn. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ ọjọ́ ọyẹ́, ẹ rántí. Nọ́ọ̀sì gbé kúlà abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ gba tiwọn, ó sì kárí wọn gẹ́lẹ́. Ti òkè bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọn kò tán. Nígbà tí ó ku ẹni mẹ́ta kí ó kan Ìyá Síkírù, nọ́ọ̀sì ti kúlà dé. Ìyá Síkírù gbé ọmọ náà dání, ó ti wọ ṣòkòtò tuntun fún un. Ẹ wò mí, Ìyá Síkírù, ẹ ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ka tèmi mọ́ wọn ni?" Mo ní, "Wọ́n á padà wá, mà." Síkírù ń sunkún nítorí pé wọn kò fún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bínú. "Ta ló ka ti òkè?" Mo wolẹ̀. Dosi ló gbà mí sílẹ̀. "Mà, bóyá àwọn kan ti Ìwòrò wá kún un ni." Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó sáré gbé igbá, ó dúró lójú ọ̀nà, gbogbo ọmọ òkè tó ń padà lọ láìgbabẹ́rẹ́ ló fún ní ìkarahun kí ó jù ú sínú rẹ̀. Ìkarahun mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́tà Dókítà Déọlá ti wà nínú ẹ̀rọ kí a tó wọlé. "Ṣé iye abẹ́rẹ́ náà pé? Kúlà mìíràn ń lọ sí Kankon lọ́la, àlékún wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún mi kíá, ọkọ̀ á yà." Mo ka lẹ́tà náà fún Dosi lédè Yorùbá. N kò tíì mọ ìdí tí mo fi kà á fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ orí ba níwájú ẹ̀rọ bí ẹni pé dókítà wà nínú rẹ̀, ó gbé ohùn sókè sọ ohun tí ó fẹ́ kí n kọ. Ohun tí Ìyá Síkírù gbọ́ lójú fèrèsé nìyẹn. Ẹ óò gbọ́ ọ ní òpin ìwé yìí bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí àwọn ọmọ òkè lè rí abẹ́rẹ́ gbà ló ṣe sọ ọ́. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì. Mo rí bàbá mi lórí àga ìwàásù, mo rí lẹ́tà ìyìn. Bí mo bá kọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe rí mọ́kànlélógójì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́: "Iye náà pé. Kò sí ọmọ tó ṣẹ́ kù." Dosi fọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀rọ náà, níbi tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé ti ń tàn. Ó ní, "Nọví, ṣé ọ̀rọ̀ mi nìyí?" Mo ní, "Òun ni." Mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ.

Wọ́n retí kúlà náà títí, kò dé. Dosi ń jókòó sí etí omi lójoojúmọ́, ó ń retí ọkọ̀. "Epo ni, ìjọba ológun ni," ló ń sọ fún àwọn ìyá. Lọ́sẹ̀ kẹta, ara Síkírù gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, èéyi sú bò ó. Òun ló kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ọmọ Bàbá Mákánjú ni ìkẹta. N kò ní ka àwọn yòókù fún yín. Ìkarahun mẹ́sàn-án ló wà lójú fèrèsé yàrá mi, mo ń fi ọwọ́ kàn wọ́n ní àárọ̀ kí n tó gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀ omi, ara àwọn ọmọ le kokooko. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ ti òkè nìkan? Ìyá Síkírù rántí ohun tí ó gbọ́. Kò purọ́. Ó ń kọjá lọ ni, díẹ̀ ló gbọ́, ọmọ rẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni ẹ wá, ẹ̀yin ọkùnrin òkè. Ẹ ti dáná sun ilé ìyanja ìyá Dosi kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Dosi wà nínú yàrá pẹ̀lú mi. Ẹ dì í lápá mú, aṣọ rẹ̀ ti ya. Kò bẹ̀ yín. Èmi ló kọjú sí. "Nọví, ó wà nínú ẹ̀rọ. Kà á fún wọn. Ka ohun tí o bá mi kọ lọ́jọ́ náà fún wọn." Gbogbo yín wá ń wo ẹnu mi. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Bí mo bá ṣí i, ẹ óò mọ ẹni tí ẹ ń wá. Mo wolẹ̀. Mo ní, "N kò rántí." Ẹ lé Dosi kúrò nílùú lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà, ẹ jù ú sínú ọ̀sà. Mo tẹ̀lé yín dé etí omi. Nígbà tí omi bò ó, inú mi dùn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ yìí, ayọ̀ yẹn ni n kò mọ bí Ọlọ́run yóò ṣe dárí rẹ̀ jì mí.

Lóṣù tó kọjá, mo purọ́ fún bàbá mi pé mò ń lọ sí Àgbádárìgì, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, níbi tí mo gbọ́ pé Dosi sá lọ. Mo rí Dosi, iyọ̀ ló ń tà. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ sínú ọjà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń wọn iyọ̀ fún oníbàárà, kò dáwọ́ dúró títí mo fi parí. Ó wá ní, "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Mẹ́sàn-án lọ. Àwọn mẹ́rìnléláàádọ́ta yòókù àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́?" Mo ní wọn kò tíì gbà á. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Kí lo wá ń ṣe lọ́dọ̀ mi níbí?" Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n máa fi sídìí ẹ̀rọ tuntun, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́, ohun tí ẹ bá bù fún un ni yóò gbé lọ. Ẹ má fi ìtìjú ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ohun tí ẹ bá fẹ́ ẹ fi mí ṣe, mo wà nílé, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n igbá Dosi wà lẹ́sẹ̀ bàbá mi níbẹ̀ yẹn, ìkarahun sì wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tú ká, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ju tirẹ̀ sínú igbá. Kí ẹlòmíràn ṣe é, ẹni tí kì í wolẹ̀. Ìyá Síkírù, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú yín. Ohun tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà, Dosi sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí, n kò yọ kúrò, n kò sì fi kún un:

"Dókítà, tiwa ti pé. Tiwọn ló kù, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ mú abẹ́rẹ́ wọn wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má ṣẹ́ ẹyọ kan kù."